Ibi tí Ajílẹ̀ Fọ́sífétì Ń Lọ Nínú Ilẹ̀

Àgbẹ̀ tí ó ra àpò súpáfọ́sífétì kan, tí ó fi í sí oko àgbàdo, tí òjò sì rọ̀ sí i, a máa rò pé nígbà tí òun bá kórè tán, ohun tí ó wà nínú àpò náà ti tán pẹ̀lú. Ẹlòmíràn a sọ pé òjò ni ó wọ́ ọ lọ. Ẹnìkẹta a sọ pé ilẹ̀ ni ó gbé e mì. Nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹnìkẹta ni ó sún mọ́ òtítọ́ jùlọ, ṣùgbọ́n òun náà kò sọ ọ́ tán. Nítorí ohun tí ilẹ̀ gbé mì, kì í fi gbogbo rẹ̀ pamọ́ títí láé. Apá kan a máa padà wá fún irúgbìn ọdún kejì, ti ọdún kẹta, àti ti àwọn ọdún tí ó tẹ̀lé e. Ẹni tí ó bá mọ bí èyí ti ń rí yóò mọ ìgbà tí owó ajílẹ̀ ń ṣòfò, àti ìgbà tí ó wà ní ìpamọ́.

OHUN TÍ FỌ́SÍFÉTÌ JẸ́

Fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì ni orúkọ èròjà náà gan-an; nígbà tí ó bá darapọ̀ mọ́ ọ́síjìn ni ó di fọ́sífétì. Ó wà nínú egungun àti eyín, nínú ìtọ̀ àti ìgbẹ́, àti nínú gbogbo hóró irúgbìn. Ọkùnrin kan ará Hamburg ní ilẹ̀ Jámánì, Hennig Brand, ni ó kọ́kọ́ yọ ọ́ sọ́tọ̀ ní 1669, inú ìtọ̀ ènìyàn ni ó sì ti rí i.

Kò sí ohun ọ̀gbìn tí ó lè wà láàyè láìsí i, kò sì sí èròjà mìíràn tí ó lè dúró ní ipò rẹ̀. Òun ni ó ń ran gbòǹgbò lọ́wọ́ láti ta jìnnà nígbà tí irúgbìn ṣẹ̀ṣẹ̀ hù. Òun ni ó ń gbé agbára kiri nínú ewé. Òun sì ni ohun ọ̀gbìn ń kó pamọ́ sínú hóró, kí ọmọ rẹ̀ lè rí ohun jẹ ní ọjọ́ tí yóò bá hù. Ẹ̀wà àti ẹ̀pà kò lè ṣe aláìní i, nítorí láìsí i àwọn kókó kéékèèké ara gbòǹgbò wọn, tí ń mú náítrójìn láti inú afẹ́fẹ́, kì í ṣiṣẹ́ bí ó ti yẹ.

Nígbà tí kò bá tó nínú ilẹ̀, àgbàdo a dúró kúkurú, etí àwọn ewé ìsàlẹ̀ rẹ̀ a máa pọ́n bí elésè àlùkò, yóò pẹ́ kí ó tó yọ ìrùkẹ̀rẹ̀, hóró orí ọmọ rẹ̀ kì í sì kún.

ÌṢIRÒ ÀPÒ KAN

Lára àpò ajílẹ̀ òyìnbó a máa ń rí nọ́ńbà mẹ́ta, bí 15-15-15. Èyí tí ó wà ní àárín ni ti fọ́sífétì. Àpò tí ó jẹ́ súpáfọ́sífétì lásán a máa ní nǹkan bí 18 nínú 100. Ṣùgbọ́n a ti ka ọ́síjìn mọ́ ọn. 44 péré nínú 100 iye náà ni fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀. Nítorí náà, àpò súpáfọ́sífétì oníkílò 50 ní kílò 9 ohun tí a kọ sí i lára, èyí tí í ṣe nǹkan bí kílò 4 fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì.

Tọ́ọ̀nù kan hóró àgbàdo, èyíinì ni kílò 1,000, a máa kó nǹkan bí kílò 3 fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì kúrò nínú oko. Bí a bá fi ojú lásán wò ó, àpò kan tó fún tọ́ọ̀nù kan, ó sì tún ṣẹ́kù. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn oníwádìí bá wọn ohun tí irúgbìn gbà nínú ajílẹ̀ ọdún náà gan-an, ohun tí wọ́n sábà máa ń rí ni 10 sí 25 nínú 100. Èyí já sí pé nínú kílò 4 tí àgbẹ̀ rà, kò ju kílò 1 lọ tí ó wọ inú àgbàdo ní ọdún kìíní. Kílò 3 yòókù ńkọ́? Owó ni àgbẹ̀ fi rà á. Ó yẹ kí ó mọ ibi tí ó wà.

ILẸ̀ TI YÁBÀ, SÙÚRÙLÉRÈ ÀTI MUṢIN

Apá Èkó tí ó wà lórí ilẹ̀ ńlá, láti Ẹbúté Mẹ́ta àti Yábà dé Sùúrùlérè àti Muṣin, oko àti abúlé àwọn Àwórì ni ní ayé àtijọ́. Ìtàn sọ pé igi iṣin ni ó fún Muṣin ní orúkọ rẹ̀. Ní 1887, ní àkókò Gómìnà Alfred Moloney, ìjọba dá ọgbà kan sílẹ̀ ní Ẹbúté Mẹ́ta níbi tí a ti ń dán onírúurú ohun ọ̀gbìn wò kí a tó pín in fún àwọn àgbẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin bẹ̀rẹ̀ sí rin láti Èkó dé Ìbàdàn ní 1901, ilé bẹ̀rẹ̀ sí pọ̀ ju oko lọ. Nígbà tí ìjọba sì bẹ̀rẹ̀ ní 1955 sí wó àwọn àdúgbò kan ní àárín Erékùṣù Èkó, tí ó sì ń kó àwọn ará ibẹ̀ lọ sí Sùúrùlérè, oko ńlá fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Síbẹ̀ àwọn ènìyàn kò yé gbin tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, ewédú àti ilá sí ẹ̀bá ojú irin, sí ẹ̀gbẹ́ ipa omi, àti sí ẹ̀yìnkùlé. Ilẹ̀ kékeré ni wọ́n ní, wọ́n sì ń gbìn ín ní ìgbà púpọ̀ lọ́dún. Nítorí náà ọ̀rọ̀ ajílẹ̀ kàn wọ́n gidigidi.

Yanrìn ni ilẹ̀ náà ní òkè. Bí a bá walẹ̀ díẹ̀, amọ̀ pupa ni. Irú ilẹ̀ kan náà ni ó tẹ́ lọ sí Ìkẹjà, Agége, Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́. Òjò ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún ti fọ ẹfun àti àwọn èròjà adùn mìíràn kúrò nínú rẹ̀, ó sì ṣẹ́ ku yanrìn, amọ̀, irin àti àlùmíníọ́mù. Pípupa tí ilẹ̀ náà pupa, ìpẹtà irin ni, gẹ́gẹ́ bí èyí tí ó wà lára àdá tí a fi sílẹ̀ nínú òjò. Nítorí pé ẹfun ti tán nínú rẹ̀, ilẹ̀ náà a máa kan. Òṣùwọ̀n kan wà tí a fi ń wọn kíkan ilẹ̀: 7 ni àárín, ohun tí ó bá wà lábẹ́ 7 kan, èyí tí ó bá ju 7 lọ kò kan. Irú ilẹ̀ yìí kì í sábà dé 6, nígbà mìíràn kì í sì í tó 5. Àwọn nǹkan mẹ́ta yìí, kíkan, irin àti àlùmíníọ́mù, ni ó ń pinnu ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ sí fọ́sífétì.

LÁTI ỌJỌ́ KÌÍNÍ DÉ ỌDÚN PÚPỌ̀

Ọjọ́ kìíní. Hóró súpáfọ́sífétì kan bọ́ sínú ilẹ̀ tútù. Ó ń fa omi sí ara bí iyọ̀ ti ń ṣe ní ìgbà òjò, ó sì ń yọ́. Omi tí ó yí i ká a wá kan tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ń jẹ́ nǹkan bí 1.5 lórí òṣùwọ̀n yẹn, èyí tí ó kan ju ọsàn wẹ́wẹ́ lọ. Omi kíkan yìí ń jẹ ara iyẹ̀pẹ̀ tí ó bá kàn, ó sì ń tú irin àti àlùmíníọ́mù sílẹ̀ kúrò nínú amọ̀. Lójú ẹsẹ̀, àwọn méjèèjì a dì mọ́ fọ́sífétì, wọn a sì di ohun líle tí kì í yọ́ nínú omi. Apá kan kì í tilẹ̀ jáde: níbi tí hóró náà wà, fọ́sífétì tí ó so mọ́ èròjà ẹfun a ṣẹ́ kù, èyí tí ń yọ́ díẹ̀díẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kìíní àti àwọn tí ó tẹ̀lé e. Fọ́sífétì kì í rìn jìnnà. Náítrójìn a máa bá omi òjò sọ̀ kalẹ̀ títí yóò fi kọjá ibi tí gbòǹgbò lè dé. Ṣùgbọ́n fọ́sífétì kì í sábà lọ ju sẹ̀ǹtímítà 2 tàbí 3 lọ sí ibi tí hóró rẹ̀ bọ́ sí. Bí ó ti ń lọ ni ó ń kàn ìpẹtà irin tí ó bo ara iyẹ̀pẹ̀, tí ó sì ń lẹ̀ mọ́ ọn. Ìwọ̀nba tí ó ṣẹ́ kù nínú omi ilẹ̀ kéré púpọ̀. Nínú ilẹ̀ púpọ̀ kì í dé ìdá kan nínú mílíọ̀nù. Inú omi díẹ̀ yìí nìkan ni gbòǹgbò ti lè mu ún, nítorí náà ilẹ̀ ní láti máa tú òmíràn sílẹ̀ sínú omi náà ní ìgbà púpọ̀ lójúmọ́ kí irúgbìn má baà pebi.

Oṣù púpọ̀ àti ọdún. A lè fi ọ̀ràn náà wé ilé kan. Fọ́sífétì tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ lẹ̀ mọ́ irin dà bí àlejò tí ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀: bí gbòǹgbò bá pè é, kíá ni yóò jáde. Bí kò bá sí ẹni tí ó pè é, a wọ inú yàrá lọ. Èyíinì ni pé ó ń rọra wọ inú ìpẹtà irin náà, ó sì ń fi apá méjèèjì dì í mú. Láti ibẹ̀ yóò ṣì jáde, ṣùgbọ́n yóò pẹ́. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ìpẹtà tuntun a bo ti àtijọ́ mọ́lẹ̀, bí ìgbà tí a ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tí ó sùn. Èyí tí ó bá dé ibẹ̀, irúgbìn kan kò lè rí i nígbà ayé àgbẹ̀ kan. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni fọ́sífétì ń wọ inú irin. Ooru a sì máa mú iṣẹ́ náà yára, nítorí náà ó yá ju bẹ́ẹ̀ lọ ní ilẹ̀ olóoru ju ní ilẹ̀ òtútù.

Ibi tí ilẹ̀ kò bá kan ńkọ́? Ní ilẹ̀ òkúta ẹfun, irú èyí tí a ń gbẹ́ fún sìmẹ́ǹtì ní Ewékoro láti 1960, irin kọ́ ni ó ń mú fọ́sífétì bí kò ṣe èròjà ẹfun. Àwọn méjèèjì a so pọ̀, wọn a sì máa le sí i láti ìpele dé ìpele, títí wọn yóò fi dà bí egungun. Nítorí náà ilẹ̀ tí ó kan púpọ̀ kò dára, èyí tí ó kún fún ẹfun jù kò dára; láàárín 6 àti 7 ni fọ́sífétì ti wà ní òmìnira jùlọ.

Gbogbo ilẹ̀ pupa kò sì gba fọ́sífétì mú bákan náà. Bí amọ̀ àti irin bá ti pọ̀ tó ni ilẹ̀ ń gbà á mú tó. Ilẹ̀ oníyanrìn ti òkè kò gbà á púpọ̀, ti ìsàlẹ̀ tí ó pupa gba jù ú lọ. Àwọn ilẹ̀ kan ní àyíká àwọn òkè tí ń yọ iná ní àgbáyé gbà á ju ti ilẹ̀ Yorùbá lọ fíìfíì. Nítorí náà àgbẹ̀ ilẹ̀ yìí kò ní ìdí láti sọ ìrètí nù.

ṢÉ OWÓ NÁÀ TI ṢÒFÒ?

Ọ̀gbẹ́ni John Bennet Lawes ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó gba àṣẹ ìjọba ní 1842 lórí ọ̀nà láti ṣe súpáfọ́sífétì, nípa dída ásíìdì imí-ọjọ́ sórí egungun àti òkúta fọ́sífétì. Ní ọdún kejì ó bẹ̀rẹ̀ ìdánwò ní oko rẹ̀ ní Rothamsted, a sì ń bá a lọ níbẹ̀ títí di òní. Apá oko kan wà níbẹ̀ tí a fi fọ́sífétì sí láti 1856 títí dé 1901, tí a sì dáwọ́ rẹ̀ dúró lẹ́yìn náà. Ọ̀pọ̀ ẹ̀wádún lẹ́yìn 1901, ọkà báálì tí ó hù lórí apá náà ṣì ń dára ju èyí tí ó hù lórí apá tí kò jẹ fọ́sífétì rí. Ohun tí àwọn baba fi sílẹ̀ ni àwọn ọmọ-ọmọ ń jẹ.

Ẹ̀rí irú èyí kò ṣàì sí nílẹ̀ Yorùbá. Àgbẹ̀ mọ̀ pé ilẹ̀ ààtàn dára, ó sì mọ̀ pé ahoro, ibi tí àwọn ènìyàn ti gbé rí, a máa so ju igbó tí ó yí i ká lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìran púpọ̀ ti kọjá. Eérú ìdáná, egungun ẹran, ìgbẹ́ àti ìtọ̀ ni ó kó fọ́sífétì jọ síbẹ̀, kò sì kúrò níbẹ̀. Ó dúró tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tí ń wá ìlú àtijọ́ kiri fi ń wọn fọ́sífétì ilẹ̀ láti mọ ibi tí ilé wà rí. Olof Arrhenius ní ilẹ̀ Sweden ni ó fi ọ̀nà yìí hàn ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn.

Ìdí rẹ̀ ni pé àyè ara irin kò pọ̀ láìlópin. Bí a bá ń fi fọ́sífétì sí ilẹ̀ lọ́dọọdún, àwọn àyè tí ó gbà á mú jùlọ a kún ṣáájú, èyí tí ó bá sì dé lẹ́yìn a rí ọ̀dẹ̀dẹ̀ jókòó sí. Lórí ilẹ̀ tí a ti tọ́jú fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí a bá fi ohun tí irè oko kó lọ wé ohun tí a fi sí i, èyí tí ó padà lè dé 80 tàbí 90 nínú 100. Sùúrù lérè, gẹ́gẹ́ bí orúkọ àdúgbò náà ti wí. Ṣùgbọ́n sùúrù nìkan kò tó: lórí ilẹ̀ tí ó kan, tí a kò wò sàn, tàbí tí àgbàrá ń gbá, owó náà lè ṣòfò ní tòótọ́.

ÒKÚTA FỌ́SÍFÉTÌ

Láti inú òkúta ni gbogbo ajílẹ̀ fọ́sífétì ti ń wá. Mọ́ròkò ni ó ní èyí tí ó pọ̀ jùlọ ní ayé, nǹkan bí 70 nínú 100. Ní Tógò, a rí i ní àgbègbè Hahotoé ní 1952, a sì bẹ̀rẹ̀ sí wà á jáde ní 1961. Ní Nàìjíríà, ó wà ní Sókótó, ó sì wà ní ìpínlẹ̀ Ògùn ní àgbègbè Ìfọ̀, tí kò jìnnà sí Èkó. Russ kọ ìwé nípa ti ìgbèríko Abẹ́òkúta fún ọ́fíìsì ìwádìí ilẹ̀ ti ìjọba ní 1924. Ilé iṣẹ́ súpáfọ́sífétì ti ìjọba bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Kàdúná ní 1976. Ní December 2016, Nàìjíríà bá Mọ́ròkò ṣe àdéhùn láti máa ra fọ́sífétì ibẹ̀ fún ajílẹ̀ tí a ń pò nílé.

Òkúta náà, bí a bá lọ̀ ọ́ kúnná láìfi ásíìdì sí i, a lè lò ó bẹ́ẹ̀ fún ilẹ̀ tí ó kan. Kíkan ilẹ̀ ni yóò ṣe iṣẹ́ ásíìdì, tí yóò máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Kò yá bíi súpáfọ́sífétì. Ọdún kejì tàbí ọdún kẹta ni èrè rẹ̀ sábà máa ń hàn jùlọ. Ó yẹ fún ọ̀pẹ, kòkó, ọsàn àti ẹ̀gẹ́, tí wọ́n ń pẹ́ nínú ilẹ̀. Kò yẹ fún ewédú tí a óò já ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Lórí ilẹ̀ tí kò kan, kò ní yọ́ rárá, yóò dà bí ìgbà tí a da yanrìn sí oko.

OHUN TÍ ÀGBẸ̀ LÈ ṢE

Èkíní, kí ó kọ́kọ́ mọ bí ilẹ̀ rẹ̀ ti rí. Kí ó bu iyẹ̀pẹ̀ ní ibi 10 sí 15 nínú oko, kí ó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 15, kí ó pò ó pọ̀, kí ó sì kó díẹ̀ nínú rẹ̀ lọ sí ibi tí a ti ń yẹ ilẹ̀ wò, bíi Moor Plantation ní Ìbàdàn tàbí yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Bí fọ́sífétì bá ti pọ̀ nínú rẹ̀, owó ọdún náà lè lọ sí ohun mìíràn.

Èkejì, kí ó wo kíkan ilẹ̀ sàn. Eérú igi tàbí òkúta ẹfun lílọ̀ yóò dín in kù, irin àti àlùmíníọ́mù yóò sì dẹwọ́. Kí a fi í sí ilẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ṣáájú ajílẹ̀. A kò gbọdọ̀ po ẹfun tàbí eérú mọ́ súpáfọ́sífétì nínú garawa kan, nítorí wọn yóò so pọ̀ kí wọ́n tó dé oko, fọ́sífétì náà kò sì ní yọ́ mọ́.

Ẹ̀kẹta, kí ó má fọ́n súpáfọ́sífétì kiri orí ilẹ̀. Bí ó bá ti fara kan iyẹ̀pẹ̀ púpọ̀ tó ni irin yóò ti mú un tó. Kí a fi í sí ojú kan, ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 5 sí ẹ̀gbẹ́ irúgbìn àti sẹ̀ǹtímítà 5 sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí a sì fi iyẹ̀pẹ̀ bò ó. Kí ó má kan irúgbìn, kí ó má baà jó o. Ti òkúta lílọ̀ yàtọ̀: òun ni a ń fọ́n, tí a sì ń kọ́ mọ́ ilẹ̀, nítorí kíkan ilẹ̀ ni ó ń wá.

Ẹ̀kẹrin, kí ó fi ìgbẹ́ adìẹ, ìgbẹ́ màlúù, tàbí ewé jíjẹrà sí i. Bí wọ́n ti ń jẹrà ni wọ́n ń tú omi kíkan fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ jáde, èyí tí ń gba àyè ara irin ṣáájú fọ́sífétì, tí fọ́sífétì fi ń wà fún gbòǹgbò. Àwọn fúnra wọn sì ní fọ́sífétì nínú.

Ẹ̀karùn-ún, kí ó má máa sun igbó ní gbogbo ìgbà. Àwọn olú kéékèèké kan tí ojú kò rí ń bá gbòǹgbò gbé. Wọ́n ń na okùn tẹ́ẹ́rẹ́ jáde lọ sí ibi tí gbòǹgbò kò lè dé, wọ́n sì ń gbé fọ́sífétì wá fún un. Ẹ̀gẹ́ gbára lé wọn púpọ̀. Iná àti ilẹ̀ títú léraléra a máa bà wọ́n jẹ́.

ỌRỌ̀ NÍPA OMI ÀTI ÌLERA

Nítorí pé fọ́sífétì lẹ̀ mọ́ iyẹ̀pẹ̀, ibi tí iyẹ̀pẹ̀ bá lọ ni yóò lọ. Àgbàrá tí ó gbá ilẹ̀ Muṣin àti Sùúrùlérè a máa gba ipa omi lọ sí ọ̀sà, yóò sì kó owó àgbẹ̀ dání. Nínú ọ̀sà, fọ́sífétì kì í ṣe ajílẹ̀ fún àgbàdo mọ́ bí kò ṣe fún èpò omi. Ní 1984 ni èpò kan tí ń léfòó, tí òdòdó rẹ̀ ní àwọ̀ elésè àlùkò, gba ọ̀nà omi Bàdágírì wọ inú ọ̀sà Èkó láti ìhà Pọ̀tònófò. Láti ìgbà náà ó ti ń dí ọ̀nà mọ́ ọkọ̀ apẹja àti àwọ̀n ní ìgbà òjò, títí iyọ̀ inú omi òkun yóò fi pa á ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ajílẹ̀ nìkan kọ́ ni ó ń bọ́ ọ; omi ìgbẹ́ àti ìdọ̀tí ìlú ní ipa tí ó pọ̀ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ tí ó mọ ebè rẹ̀ dábùú àgbàrá, tí ó sì fi koríko bo ojú ilẹ̀, ti ṣe èyí tí ó kàn án. Àwọn olùgbin ẹ̀fọ́ tí ń da ìgbẹ́ adìẹ sí ilẹ̀ kan náà ní ìgbà púpọ̀ lọ́dún ni ó yẹ kí wọ́n ṣọ́ra jùlọ, nítorí ilẹ̀ oníyanrìn tí ó bá ti yó yóò máa da àṣẹ́kù rẹ̀ sínú omi.

Òkúta fọ́sífétì kan, bíi ti Tógò, ní kádímíọ́mù nínú ju òmíràn lọ. Èròjà yìí kò dára fún kíndìnrín. Ìwọ̀nba tí ó wà nínú àpò kan kéré, ṣùgbọ́n a máa kó jọ láti ọdún dé ọdún, ẹ̀fọ́ a sì máa fà á sí ewé jùlọ níbi tí ilẹ̀ kan. Èyí jẹ́ ìdí mìíràn láti wo kíkan ilẹ̀ sàn, àti láti má fi ajílẹ̀ sí ju bí ó ti yẹ lọ. Ẹ̀fọ́ tí ó hù ní ẹ̀bá títì, níbi tí eruku òjé wà, kí a fi omi púpọ̀ fọ̀ ọ́ dáradára. Kí a fọ ọwọ́ lẹ́yìn tí a bá ti fọwọ́ kan ajílẹ̀, kí a gbé e jìnnà sí ọmọdé, kí a má sì ṣe fọ àpò rẹ̀ láti kó gàrí tàbí ìrẹsì sí.

ÌRÁNTÍ FÚN ÀWỌN OṢÙ

Èrèlé (February): kí a da eérú tàbí ẹfun sí ilẹ̀; kí a kó ìgbẹ́ jíjẹrà jáde.

Ẹrẹ́nà àti Igbe (March àti April): bí òjò bá ti dúró, kí a gbin àgbàdo, kí a sì fi súpáfọ́sífétì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní ọjọ́ kan náà. Fọ́sífétì tí ó pẹ́ dé kì í ran irúgbìn lọ́wọ́, nítorí ìgbà tí gbòǹgbò kéré ni ó nílò rẹ̀ jùlọ.

Òkúdu àti Agẹmọ (June àti July): òjò ńlá. Kí a má fọ́n ajílẹ̀ kankan sórí ilẹ̀. Kí a tún ebè ṣe, kí a sì dí ojú àgbàrá.

Ọwẹ́wẹ̀ (September): kí a gbin ẹ̀wà tàbí àgbàdo kejì sórí ebè kan náà, kí ó jẹ èyí tí ó ṣẹ́ kù láti ìgbà àkọ́kọ́.

Bélú àti Ọ̀pẹ (November àti December): kí a dá pòròpórò àgbàdo padà sí oko dípò sísun ún, kí a sì bu iyẹ̀pẹ̀ fún àyẹ̀wò, kí èsì rẹ̀ lè dé kí àgbẹ̀ tó tún ra àpò mìíràn.